Owó àjọ oṣù mẹ́jọ: eré wo ni ká sá?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olóṣèlú tó gba owó lọ́wọ́ ọ̀tún tó tún gba ti òsì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìyàwó tó kó ẹrù ọkọ jáde. Ọ̀rọ̀ eré sísá ni. Ẹ má tíì ṣí ìwé yín síwájú o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, nítorí nínú ọ̀rọ̀ eré yìí náà ni mo ti rí i pé èèyàn kan ń gbé ikú rẹ̀ kiri nínú ara, tí kò sì mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Mo jókòó síwájú ilé wa ní Agege níbí, mò ń jẹ ẹ̀pà, mò ń gba atẹ́gùn. Kí n tó mọ̀, àwọn mẹ́ta ti yọ sí mi, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Gbogbo wọn ló fajú ro. Mo rò pé ìjà tọkọtaya ni, mo ti ń wá ibi tí mo máa gbà sá wọlé. Àṣé ìjà owó ni.

N kò ní í dárúkọ wọn, nítorí ibi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká pe ọkùnrin kan ní Gíga, nítorí ó ga bí ọ̀pá iná. Ẹ jẹ́ ká pe èkejì ní Kúkúrú. Obìnrin yẹn ní tiẹ̀, Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí náà kò sí àṣírí níbẹ̀. Gíga àti Kúkúrú ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe bísíkíìtì lápá Ogba. Ìyá Ìbejì ń to ike sínú páálí ní iléeṣẹ́ míì nítòsí Oba Akran.

Ó ti tó ọdún kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ ń sáré láàárọ̀ Sátidé. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé ní Pen Cinema, kí ọ̀nà tó kún. Wọ́n á sá lọ sí Ogba, wọ́n á gba Acme Road, wọ́n á yí padà. Ìgbà míì, tí iná bá wà nínú ara, wọ́n á dé Alausa. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ ohun tí wọ́n ń rí: tírélà tó gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì, gọ́tà, géètì iléeṣẹ́, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ òru tí oorun ń gbé lórí ìdúró. Ojú ò rí igi, ojú ò rí omi, àfi omi gọ́tà.

Ni wọ́n bá dá àjọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi dá a. Wọ́n ní àwọn máa lọ sá ìdajì máráthọ́nì kan, níbi tí ojú á ti rí ohun tó dùn ún wò. Owó ti pé báyìí, àmọ́ eré kan ṣoṣo ni owó náà lè gbé wọn lọ. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” Kúkúrú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, “ẹ bá wa bá Gíga wí. Kàmẹrúùnù ló ní ká lọ! Ó ní òkè ńlá kan wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ gun òkè? Ṣé eré tí wọ́n ń sá ní Èkó wa níbí ò dáa ni?”

Gíga fèsì kíákíá: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀lẹ ni. Tí èèyàn bá fẹ́ ṣe nǹkan, kó ṣe é débi tí wọ́n á fi ròyìn ẹ̀.”

Mo yíjú sí Ìyá Ìbejì. Òun ni kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń to ike. Tí mo bá dijú lálẹ́, ike ni mò ń rí. Mo kàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi débi tí ojú mi á ti rí nǹkan míì ni. Wọ́n ní ìlú kan wà ní Edo tó ń jẹ́ Okpekpe.”

Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀pà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ṣé wọ́n mọ bí ìdajì máráthọ́nì ṣe gùn tó. Kìlómítà 21 àti mítà 97 àti ààbọ̀ ni. Odindi máráthọ́nì jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. London ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo ìwọ̀n yẹn, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1908, nígbà tí wọ́n sá a láti ààfin Windsor dé inú pápá ìṣeré. Ọdún 1921 ni wọ́n wá sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ayé. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìdajì rẹ̀ ṣe rí lẹ́sẹ̀, ẹ wo afárá Third Mainland. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Ẹni tó bá sá a lọ tó tún sá a bọ̀ ti kọjá ìdajì máráthọ́nì díẹ̀. Tó bá jẹ́ pápá tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 400 lẹ ti fẹ́ sá a, ìgbà 53 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Kúkúrú dẹnu sílẹ̀. Ó ní òun rò pé ó kàn ju Ogba lọ díẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ náà fún wọn rèé, kẹ́yin náà lè mú tiyín níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Eré Èkó tí Access Bank ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n sá àkọ́kọ́ rẹ̀. Láti Sitédíọ̀mù Surulere ni wọ́n ti gbéra, wọ́n gba orí afárá Third Mainland, wọ́n gba afárá tó so Ikoyi mọ́ Lekki, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic lẹ́bàá òkun. Tí ẹ bá ń sọ ti ìran wíwò, ẹ sọ fún mi ibi tí èèyàn ti lè fi ẹsẹ̀ rìn láàárín Third Mainland láìsí pé dánfó gbá a. Ọ̀sà lọ́tùn-ún, ọ̀sà lósì, Makoko níwájú, oòrùn ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ti sá a sọ pé ara àwọn bù máṣọ. Ṣùgbọ́n kìlómítà 42 nìyẹn o. Wọ́n tún ń sá kìlómítà 10 lọ́jọ́ kan náà, èyí kúrú, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti alákànṣe. Ìdajì kò sí láàárín wọn. Oṣù Kejì sì nìyí, ooru ti mú. Ẹni tí kò bá yára, oòrùn á bá a lójú ọ̀nà, á sì jẹ ẹ́ níyà.

Ẹ má sì ronú owó ẹ̀bùn. Abraham Kiptum, ọmọ Kenya, ló gba ipò kìn-ín-ní ní 2016, òun náà ló tún gbà á ní 2017. Ní oṣù Kẹwàá 2018, ọkùnrin yìí kan náà sá ìdajì máráthọ́nì ní Valencia, ní Spéènì, láàárín ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 18. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ariwo ta. Kò pẹ́ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n ní ó ń lo nǹkan tí òfin kò gbà. Wọ́n lé e kúrò nídìí eré fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́. Mo sọ èyí fún Gíga dáadáa, nítorí ó ti ń bi mí léèrè oògùn tí wọ́n máa ń lò tí èémí kì í fi í tán.

Okpekpe ló tẹ̀ lé e. Ìlú orí òkè ni, ní Etsako East, lápá àríwá ìpínlẹ̀ Edo, ẹ̀yìn Auchi. Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré náà. Kìlómítà 10 ni. Òun ni eré títì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé fi òǹtẹ̀ lù. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń sá a jù, òjò ti bẹ̀rẹ̀, koríko ti yọ, òkè ti tutù yọ̀yọ̀. Àmọ́ kìlómítà 10 orí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ kìlómítà 10 Agege. Ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ju títì Acme Road lọ, á sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀ka òkè míì tún wà. Obudu, ní Cross River, láti 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré òkè tiwọn. Kìlómítà 11 àti díẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sókè, títí dé ibi ọ̀sìn màlúù tí wọ́n ń pè ní Ranch. Òtútù ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibòmíì nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó kọ́kọ́ bèèrè dájú bóyá wọ́n máa sá a lọ́dún náà kó tó san owó ọkọ̀.

Kàmẹrúùnù tí Gíga ń pariwo wá ńkọ́? Eré Buea nìyẹn. Láti 1973 ni wọ́n ti ń sá a, Guinness ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀rẹ̀. Òkè tí wọ́n ń gùn náà ga ju mítà 4,000 lọ, wọ́n á gùn ún, wọ́n á tún sá a wálẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sarah Etonge, ìgbà méje ló gba ipò kìn-ín-ní, tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọbabìnrin orí òkè. Ó ga lọ́lá! Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé ń bẹ lágbègbè yẹn láti ìgbà díẹ̀. Ní oṣù Kejì 2023, bọ́ǹbù dún lójú ọ̀nà eré náà, ó sì ṣe àwọn eléré léṣe. Mo wo Gíga lójú, mo ní: “Ṣé owó àjọ oṣù mẹ́jọ lo fẹ́ fi ra ìyẹn?” Kò dáhùn.

Ìdajì máráthọ́nì gan-an tí wọ́n ń wá, ẹni tó bá lówó rẹ̀ lè rí i lókèèrè. Ní Makeni, ní Sierra Leone, ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń rán àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, Street Child, ló bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2012. Kìlómítà 21 wà níbẹ̀. Ní Kigali, ní Rwanda, wọ́n ti ń sá a láti 2005, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ìlú náà. Ẹ̀yin tí àbúrò yín wà ní ìlú ọba, ẹ sọ fún un nípa Great North Run. Ọdún 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti Newcastle, wọ́n á gba orí afárá odò Tyne, wọ́n á sì parí rẹ̀ sí South Shields lẹ́bàá òkun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń sá a. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, físà ńkọ́?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ fún wọn pé kí èèyàn tó mú eré kan, ohun mẹ́rin ni kó bi ara rẹ̀. Èkíní, kí ni ẹsẹ̀ mi mọ̀? Ẹni tí ibi tó jìnnà jù tó ti sá rí jẹ́ kìlómítà 8 kò gbọ́dọ̀ fi 21 dán ara rẹ̀ wò. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí tí kìlómítà 15 tàbí 16 á fi di ohun tó ń sá láìdákú. Èkejì, kí ni àpò mi mọ̀? Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, ibi tí èèyàn máa sùn, oúnjẹ. Ẹni tó bá rìn ní gbogbo òru tó sì bọ́ sílẹ̀ láti sáré, ìyà ló fẹ́ jẹ. Ẹ̀kẹta, oṣù wo ni, báwo sì ni oòrùn ibẹ̀ ṣe ń ràn? Ẹ̀kẹrin, ọ̀gá mi ńkọ́?

Ìbéèrè kẹrin yìí ló ba Kúkúrú nínú jẹ́. Kásúàlì ni. Sátidé tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, kò sí owó Sátidé. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn tó ń tò ní géètì kò lóǹkà, wọ́n á mú ẹlòmíì. Ó ní òun ti ń sáré láàárọ̀ Sátidé nítorí pé ọ̀sán ni wọ́n fi òun sí. Mo ní kó lọ bá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí súpáfáísọ̀ sì gbọ́ sí i kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá sá lọ láìsọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Mo tún sọ ọ̀rọ̀ bàtà fún wọn. Èmi náà ti gbìyànjú eré yìí rí. Kánfáàsì tuntun ni mo wọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sá a dé Iju. Èékánná àtàǹpàkò mi di dúdú, ó sì jábọ́. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n gbàgbé títí dòní. Bàtà tí ẹ bá fẹ́ fi sá eré, ẹ ti fi sá a fún oṣù kan ó kéré tán. Omi náà, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Àìmu omi lè pa èèyàn nínú ooru, àmọ́ àmujù omi náà máa ń lé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òun náà sì ń dáni wó.

Èyí tó kù ni mo sọ gbẹ̀yìn. Mo ní, “Ta ló ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò nínú yín?” Ìyá Ìbejì ní òun yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tóun lóyún. Kúkúrú ní òun ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Gíga ní ara òun le koko, pé àwọn àgbà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Kẹ́míìsì kan wà níwájú ilé wa, ọmọ tó ń tà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní ká dìde.

Ti Ìyá Ìbejì: 118 lórí 76. Ti Kúkúrú: 124 lórí 80. Ó kan Gíga. Ọmọ kẹ́míìsì wò ó, ó tún un wò. Ó ní kó jókòó, kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. 172 lórí 108. Ẹ̀yin èèyàn mi, 140 lórí 90 ni wọ́n ti máa ń sọ pé ó ti ga o. Gíga ò tíì pé ọdún 35. Ọkùnrin tó fẹ́ gun òkè tó ju mítà 4,000 lọ!

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé tóun bá ń ṣiṣẹ́ òru, orí máa ń fọ́ òun, ojú òun sì máa ń ṣú. Ó ní aìsùn ló fà á. Bàbá ẹ̀ náà, oko ló ti lọ tó ṣubú tí kò dìde mọ́, wọ́n ní ayé ló ṣe é.

Ibẹ̀ ni ìjà owó parí sí. Ìyá Ìbejì ló sọ ọ́, ẹni tí kò pariwo látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní: “Ẹ yọ owó dókítà Gíga nínú àjọ yẹn. Èyí tó bá kù la máa fi ṣe ìrìn àjò.” Kúkúrú ní bẹ́ẹ̀ ni. Gíga fẹ́ bá wọn jiyàn, omi ti lé sí i lójú, ó wá dákẹ́.

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ Ajé. Dókítà ti kọ oògùn fún un. Ó ní kó má sáré kankan títí tí ẹ̀jẹ̀ náà á fi wálẹ̀, kó máa rìn ní ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa padà wá. Gíga ń rìn báyìí láàárọ̀ Sátidé, àwọn méjì tó kù á sá lọ, wọ́n á sá padà wá bá a lọ́nà.

Eré wo ni wọ́n wá mú? Okpekpe ni. Ìdajì máráthọ́nì á dúró ná, ẹsẹ̀ wọn kò tíì tó o. Kìlómítà 10 ni wọ́n máa sá lórí òkè yẹn, wọ́n á sì máa lọ gun afárá Pen Cinema lára láàárọ̀ kí ẹsẹ̀ lè mọ gígùn. Owó tó ṣẹ́ kù gbé wọn dé Auchi, ó sì gbé wọn padà. Kúkúrú ti rí ẹni tó máa gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gíga náà á bá wọn lọ. Òun ló máa di aṣọ àti omi wọn mú, á dúró síbi tí eré ti ń parí. Tí dókítà bá ní kò séwu, á sá tiẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ń ka ìwé yìí nínú ọkọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ń dúró ní géètì Oba Akran, ẹ̀yin tẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ òru ní Ogba, ẹ mú eré tó bá wù yín. Ojú tó ń wo ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí òkè àti omi. Àmọ́ kẹ́míìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà o. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò sì ní í pa yín lára.

Tí wọ́n bá dé láti Okpekpe, màá ròyìn fún yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.